Búrẹ́dì Kíkan Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kó tó di pé ẹ lọ náwó yín dànù: ìkòkò irin onídèérí kan, òṣùwọ̀n kékeré kan, ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò kan, abẹ kan àti aṣọ mímọ́ kan. Ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ búrẹ́dì kíkan nínú ilé ara rẹ̀ nílò kò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjà ló fẹ́ tà fún yín. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí èmi náà ra èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, eruku sì ti bò wọ́n lókè kọ́bọ́ọ̀dù mi ní Ọ̀bà-Ilé, níbí l'Àkúrẹ́.

Obìnrin kan wà nínú fóònù mi tí mo máa ń wò. Òyìnbó ni. Ilé ìdáná rẹ̀ funfun báláú, fèrèsé rẹ̀ tóbi, kò sì sí ẹni tó ń pè é láti ìta pé kó wá wo nǹkan. Tó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á kọ́kọ́ to ohun èlò rẹ̀ sórí tábìlì: apẹ̀rẹ̀ tí kò níṣẹ́ méjì ju kí wọ́n tẹ́ ìyẹ̀fun pípò sí i lọ, ọ̀bẹ tí kò níṣẹ́ méjì ju kó fa ìlà sórí búrẹ́dì lọ, ẹ̀rọ tó ń wọn ooru omi, ẹ̀rọ mìíràn tó ń wọn ooru ààrò, pákó pẹlẹbẹ, irin pẹlẹbẹ. Mo ní, ìyá yìí, ṣé búrẹ́dì lo fẹ́ ṣe ni àbí o fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ? Ọkọ mi tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò pa fídíò náà. Nígbà tó gé búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, tó gbé e sún mọ́ imú, tó ní ó ń kan díẹ̀, ìwọ̀nba tó yẹ kó kan, itọ́ dà lẹ́nu mi. Mo mọ búrẹ́dì yẹn. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ló máa ń ṣe é ní Oǹdó, àárò rẹ̀ sì sọ mí lálẹ́ ọjọ́ náà débi pé mi ò lè jẹ ẹ̀bà tó wà níwájú mi.

Màmá mi ṣì wà ní Oǹdó, nínú ilé tí bàbá mi kọ́. Ó ti dàgbà gan-an. Bàbá mi ti lọ tipẹ́. Ìyàwó àbúrò mi ló ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ láti ìgbà òjò tó kọjá ni màmá ò ti jẹun tó nǹkan kan mọ́. Wọ́n á gbé iyán síwájú rẹ̀, á bu òkèlè kan, á ní ó ti tó. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí àrùn kankan lára rẹ̀, ọjọ́ orí ni. Tí mo bá ti Àkúrẹ́ lọ kí i ní Sátidé, màá gbé ọbẹ̀ lọ, màá gbé ẹja lọ, màá se é pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, màá sì tún rí i tí wọ́n ń gbé e padà sí ilé ìdáná. "Ẹnu mi ò gba nǹkan," lohun tó máa ń sọ. Ó ń rù. Tí mo bá di ọwọ́ rẹ̀ mú, egungun ni mò ń dì mú, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ní Sátidé kan mo kanra. Mo ní, "Màmá, kí ni ẹ fẹ́ jẹ gan-an? Ẹ ṣáà sọ ọ́. Ibi yòówù kó wà, màá lọ mú un wá."

Ó sọ ọ́ ní èdè Oǹdó tí òun ń sọ, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti ń rò ó tipẹ́: "Búrẹ́dì tí mo máa ń fi ẹmu ṣe nígbà kan. Bí mo bá rí ìyẹn, màá jẹ ẹ́."

Omi ti kún ojú mi. Mo ti rò pé èmi nìkan ni àárò búrẹ́dì yẹn ń sọ, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé òun náà ń rò ó. Mo wọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà, mo sì ti pinnu: màá ṣe búrẹ́dì yẹn, màmá á jẹ ẹ́, á sì sọ fún mi pé òun nìyí.

Ẹ má ro búrẹ́dì tó fúyẹ́ bí òwú tí wọ́n ń gbé kiri títì báyìí, èyí tí èèyàn á fi ọwọ́ tẹ̀ tí kò ní ga ju ìka lọ mọ́. Ìgbà tí mò ń sọ yìí, yíìsì wọ́n bí ojú. Ẹmu ni màmá fi ń mú kí fúláwà wú. Ẹlẹ́mu kan máa ń já a sílẹ̀ fún un ní ìdájí, ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí ọ̀pẹ bọ́, tó ṣì ń hó. Màmá á sẹ́ ẹ, á dà á sínú fúláwà nínú ọpọ́n ńlá, á fi iyọ̀ àti ṣúgà sí i, á wá máa pò ó, á máa fi apá méjèèjì tì í, títí ara rẹ̀ á fi dán. Kì í fi gbogbo rẹ̀ ṣe búrẹ́dì. Ó máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan pamọ́, á fi ewé bò ó, ìyẹn ló máa fi kún ti ọjọ́ kejì. Ìwúkàrà ló ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pè é nínú Bíbélì. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bi í lẹ́yìn ìsìn pé ṣé kò ní pa àwọn èèyàn bí ọtí báyìí, búrẹ́dì ẹlẹ́mu yìí. Màmá ní, "Ẹ jẹ ẹ́ ná. Tí ẹ bá rí i pé ẹ ń ta gbọ̀ngbọ́n, ẹ padà wá gbowó yín." Ìyá náà ra méjì.

Ààrò amọ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, bàbá mi ló mọ ọ́n. Igi á jó nínú rẹ̀ títí inú rẹ̀ á fi gbóná janjan, màmá á gbá eérú jáde, á fi ewé tútù nu ún, á wá máa ti búrẹ́dì wọ inú rẹ̀. Àwa ọmọ á jókòó sórí igi tí wọ́n kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ibẹ̀ ló lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù. Ní àwọn àárọ̀ kan, màmá á na búrẹ́dì kan sí wa. Á wúwo lọ́wọ́, á dúdú díẹ̀, èèpo rẹ̀ á le. Inú rẹ̀ á ní ihò, á sì kan, kíkan tó máa ń mú kí èèyàn di ojú kan. Lẹ́yìn kíkan náà ni adùn kan wà tí mi ò tíì rí irú rẹ̀ níbòmíràn. A máa ń jà sí ìdí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni èéfín ti wọ̀ ọ́ lára jù. Mo ti jẹ búrẹ́dì ní Èkó, mo ti jẹ ẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń fi aṣọ funfun tẹ́ tábìlì, kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, kò sí ààrò mọ́, òjò ti jẹ ẹ́. Mi ò sì mọ ìwọ̀n tí màmá ń lò, torí màmá kì í wọn nǹkan. Mo wá padà sọ́dọ̀ obìnrin inú fóònù mi.

Ìgò ni mo kọ́kọ́ ní. Ìgò máyòníìsì tó ti tán ni, mo fọ̀ ọ́, mo da omi gbígbóná sí i, mo po fúláwà àti omi sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìdí ọmọrogùn. Lójoojúmọ́, màá da ìdajì rẹ̀ nù, màá fi fúláwà tuntun àti omi bọ́ ìyókù. Fún àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, kò ṣe nǹkan kan ju kó máa rùn bí ìbọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í hó, tó ń gun ẹ̀gbẹ́ ìgò lọ sókè. Obìnrin yẹn ní kí n fún un lórúkọ, pé àwọn tó ń ṣe é máa ń sọ tiwọn lórúkọ. Mi ò sọ ọ́ ní nǹkan kan o. Ohun tí mo fẹ́ jẹ, ṣé kí n tún ṣe ìkómọ fún un ni?

Òṣùwọ̀n ni ìkejì, òun ló sì dà mí láàmú jù. Agolo mílíìkì ni mo kọ́kọ́ fi ń wọn fúláwà, kó kún téńté bí àwọn tó ń ta gaàrí ṣe ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan ìyẹ̀fun á ki bí amọ̀, lọ́jọ́ kejì á ṣàn bí ọbẹ̀ ilá. Fúláwà kì í ṣe gaàrí. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ agolo, ó ti pọ̀ jù. Tí o bá rọra bù ú, ó ti kéré jù. Ìgbà tí mo bínú tán ni mo lọ sí títì Arakale lọ ra òṣùwọ̀n onígíláàsì tó ń lo bátìrì. Ọkùnrin tó tà á fún mi wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ṣé góòlù lẹ fẹ́ máa wọ̀n ni?" Mo ní ó ju góòlù lọ, ìyá mi ló fẹ́ jẹ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi bátìrì kan ṣe ẹ̀bùn fún mi. Láti ọjọ́ náà ni ìyẹ̀fun mi ti ń rí bákan náà lójoojúmọ́. Tí owó yín bá tó ohun èlò kan ṣoṣo rà, òṣùwọ̀n ni kí ẹ rà.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi wá ṣe tirẹ̀. Ara Ìkàrẹ́ ni ọkọ mi, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, èmi ṣì wà lẹ́nu tèmi. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í yọ èèyàn lẹ́nu, tí ebi bá sì ń pa á, á lọ wá nǹkan ṣe fúnra rẹ̀. Mo ti ibi ìpàdé àwọn obìnrin dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bá a nídìí tábìlì pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín méjì àti abọ́ kan, ó fajú ro.

Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, níbo lẹ ti ra ògì yìí? Ẹ má rà á níbẹ̀ mọ́. Mo pò ó pò ó, kò dì. Ṣe ló ń fà bí gọ́ọ̀mù."

Mo ní, "Ògì wo, Dádì?"

Ó ní, "Èyí tó wà nínú ìgò, nínú fúríìjì. Ó kan dáadáa ṣá o, kíkan rẹ̀ dára."

Mo lọ wo inú fúríìjì. Ó ti fọ ìgò náà, ó dojú rẹ̀ dé sórí àgbá omi, ó mọ́ tónítóní. Mi ò mọ bóyá kí n sunkún tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ọkùnrin tó fi omi gbígbóná po ìwúkàrà tó sì fi jẹ mọ́ínmọ́ín. Ìgbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó fi ṣíbí sílẹ̀, ó di ikùn rẹ̀ mú, ó ní ṣé kò ní wú nínú òun báyìí? Mo ní kó máa retí rẹ̀. Ní ti tòótọ́, inú bí mi gan-an, torí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo ti fẹ́ gbé búrẹ́dì àkọ́kọ́ lọ sí Oǹdó, ẹni tí mo sì fẹ́ gbé e lọ fún kò ní ọjọ́ púpọ̀ láti fi ṣòfò. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó fọ gbogbo abọ́ ilé láti fi tù mí nínú.

Bí ó ti bí mi nínú tó yẹn náà ló jẹ́ kí n ronú kan ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Màmá kò fi omi bẹ̀rẹ̀ ìwúkàrà tirẹ̀, ẹmu ni. Obìnrin kan wà ní ọ́fíìsì wa tó máa ń ti Ìgbàrà-Òkè wọkọ̀ wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi ra ẹmu ìdájí bọ̀, kó má jẹ́ èyí tí wọ́n ti bu omi àti ṣúgà sí. Ó wo ojú mi, ó mọ̀ pé díákónẹ́ẹ̀sì ni mí. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gbé e dé nínú ike omi, ó dé e pinpin, mo sì tì í sábẹ́ tábìlì mi. Kí aago ọ̀sán tó lù, ìdérí rẹ̀ fò, ẹmu dà jáde, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Ọ̀gá wa gbé orí sókè láti ibi tó jókòó sí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ti búrẹ́dì ni." Títí dòní, tí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Màmá búrẹ́dì, ṣé ó ti jinná?" Ṣùgbọ́n èyí tó kù nínú ike náà tó mi. Mo fi po fúláwà lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti gun ìgò dé ọrùn.

Mo lẹ bébà kan mọ́ ìgò yẹn lára: Kì í ṣe ògì.

Ohun tó tún kù ni ìkòkò. Obìnrin inú fóònù ní ìkòkò kan tó wúwo, tó ní àwọ̀ ojú sánmà, tí wọ́n gbé wá láti ìlú rẹ̀. Mo béèrè iye tí wọ́n ń tà á, mo sì pa fóònù. Ìkòkò irin tí mo fi ń se ìrẹsì ọjọ́ ọdún ni mo gbé sílẹ̀. Ọkọ mi ní ṣé èyí á ṣe é báyìí, mo ní bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Ìdérí rẹ̀ ò bá ẹnu rẹ̀ mu dáadáa, oru ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ oru yẹn gan-an ni búrẹ́dì nílò níbẹ̀rẹ̀ kí èèpo rẹ̀ má tètè gan. Mo po fúláwà àti omi, mo fi lẹ ẹnu ìkòkò yí ká bí ẹni lẹ ògiri tó sán. Ó dí pinpin, mo sì gbé e kaná. Tó bá jinná tán, màá fi ọ̀bẹ kan án, á wó sílẹ̀.

Ní ti apẹ̀rẹ̀, mo rà á, mi ò ní purọ́, òun náà wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Igbá lásán ni mò ń lò, tí mo tẹ́ aṣọ sí, tí mo bu láfún wọ́n aṣọ náà kí ìyẹ̀fun má lẹ̀ mọ́ ọn. Fúláwà máa ń lẹ̀, láfún kì í lẹ̀. Abẹ tí wọ́n fi ń fárí ni mo fi ń ya ojú rẹ̀ kó tó wọ inú ìkòkò, kó lè mọ ibi tó máa gbà là. Ẹ̀rọ tó ń wọn ooru kò ṣe mí láǹfààní kankan, torí ibi yòówù kí n tì í bọ̀ nínú ilé wa, ohun kan náà ló ń sọ fún mi: pé Àkúrẹ́ gbóná. Òyìnbó ní kí n fi ìyẹ̀fun sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, tí o bá lọ sí ìsìn àárọ̀ Sọ́ńdè tí pásítọ̀ sì fà á gùn díẹ̀, wàá bá a nílẹ̀. Ojú ni kí ẹ máa fi wò ó. Tó bá ti wú dé ìlọ́po méjì, tí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ tó rọra ń padà, ó ti tó.

Mi ò jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀ nìkan ṣá. Èmi mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀, torí mo fẹ́ kó kan. Búrẹ́dì àkọ́kọ́ le bí ọlọ, ọkọ mi ní òun á fi ti ilẹ̀kùn. Ìkejì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìkẹta jóná nídìí. Mo jẹ gbogbo wọn. Mo máa ń dúró nínú ilé ìdáná, màá di ojú kí n lè mọ̀ bóyá ó ti dé ibẹ̀, kò sì tíì dé ibẹ̀, inú mi á bàjẹ́ bí ẹni tó rí èèyàn rẹ̀ lókèèrè tó sì sáré bá a, tó wá rí i pé ẹlòmíì ni. Ó tó ìgbà tí mo sunkún nítorí búrẹ́dì, èmi àgbàlagbà.

Ní Fúráìdé kan, mo fọ́ ẹnu ìkòkò, mo ṣí i, òórùn tó jáde lu imú mi, mo sì jókòó sórí àpótí. Mo dúró kó tutù díẹ̀. Mo gé etí rẹ̀. Ó kan, mo di ojú kan, adùn náà sì tẹ̀ lé e láti ẹ̀yìn. Èéfín nìkan ni kò sí níbẹ̀. Mo pe ọkọ mi, mo ní òun nìyí, Dádì, òun gan-an nìyí. Ó jẹ tirẹ̀, ó ní ó jọ ògì ọjọ́sí. Mo rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó lè bí mi nínú lọ́jọ́ náà.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e lé itan nínú ọkọ̀. Tí a bá kọ lu kòtò, màá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ìyá kan tó jókòó tì mí béèrè ohun tó ń ta sánsán báyìí. Nígbà tí a kọjá afárá Ọ̀wẹ̀nà, mo ti ń ro ohun tí màmá máa sọ. Mo ti gbọ́ ọ nínú ọkàn mi lọ́nà oríṣiríṣi.

Màmá jókòó sí pálọ̀, lórí àga rẹ̀ tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Ìyàwó àbúrò mi ní kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀ ju omi lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ṣí aṣọ lórí búrẹ́dì náà. Màmá wò ó pẹ́. Ó fi ọwọ́ kan èèpo rẹ̀.

"Ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni, Màmá. Mo fi ẹmu ṣe é, bí ẹ ṣe máa ń ṣe é."

Mo gé ibi tó rọ̀ fún un, torí eyín rẹ̀ ò pọ̀ mọ́. Ìyàwó àbúrò mi po tíì wá. Màmá ti búrẹ́dì sẹ́nu, ó ń rọra jẹ ẹ́. Mi ò dìde lórí eékún mi, ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò. Ó gbé e mì.

"Ó kan," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó kan bíi ti ìgbà yẹn."

"Ti ìgbà yẹn kì í kan."

Mo rò pé ó ti gbàgbé ni. Àgbà ni, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an létí: àwa ọmọ lórí igi, búrẹ́dì tó wúwo tó máa ń nà sí wa, bí a ṣe máa ń jà sí ìdí rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Mo mọ èyí tí ò ń sọ," ó ní. "Èyí tó bàjẹ́ ni. Tí òjò bá rọ̀ tí igi ò tètè jó, ìyẹ̀fun á jókòó jù, á kan. Èyí tó bá kan, ta ló máa rà á lọ́wọ́ mi? Ẹ̀yin ni mo máa ń kó o fún." Ó wo búrẹ́dì tó wà níwájú rẹ̀. "Mo máa ń wò yín tí ẹ bá ń jà sí i. Mo máa ń sọ fún ara mi pé lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ yìí bá dàgbà, tí wọ́n mọ̀ pé èyí tí aráyé ò rà ni mo fi bọ́ wọn, wọ́n á bínú sí mi."

Mo ní, "Màmá, ta ló fẹ́ bínú? Kò sí ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi rí." Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n ara mi ti wó. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń dúró kó kan, gbogbo bí mo ṣe ń lẹ ìkòkò, búrẹ́dì tí kò fẹ́ ni mo lọ ṣe wá fún un.

"Ṣé èyí tí ẹ ń tà ni ẹ ní ẹ fẹ́ jẹ nígbà náà?"

"Òun ni."

"Ó dáa, ẹ sọ fún mi bó ṣe máa ń rí lẹ́nu, kí n lè mọ bí màá ṣe ṣe é. Ṣé ó máa ń dùn gan-an? Ṣé ó máa ń rọ̀?"

Màmá wo ọwọ́ rẹ̀, ó yí i padà lórí itan. "Mi ò mọ̀," ó ní. "Mi ò jẹ ẹ́ rí. Mo máa ń tọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀ wò ní tútù kí n lè mọ̀ bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó. Tó bá ti jinná, ọjà ló ń lọ. Òórùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀."

Ìyàwó àbúrò mi bojú wo ìta. Èmi náà ò jẹ ẹ́ rí. Gbogbo ilé wa, kò sí ẹnì kan tó mọ bí búrẹ́dì màmá mi ṣe dùn tó, àfi àwọn tó rà á, mi ò sì mọ ibi tí màá ti rí wọn.

Mo na ọwọ́ láti kó búrẹ́dì kíkan náà kúrò níwájú rẹ̀. Mo ní kó fi sílẹ̀, pé màá lọ kọ́ èkejì, màá gbé e wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Ó di etí àwo mú. Ó ti búrẹ́dì bọ inú tíì, ó jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ fún pọ̀ nítorí kíkan náà, ó sì gbé e mì. Ó ní kí n gé òmíràn fún òun.

"Màmá, ẹ fi sílẹ̀, ẹ má fi tipátipá jẹ ẹ́."

"Gé e," ó ní. "Jẹ́ kí n jẹ ohun tí ẹ jẹ."